Ààbọ̀ Íǹṣì Lára Ríìmù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, Houston ni mo wà. Mo ra Mazda Miata ọdún 1992 lọ́wọ́ bàbá kan tó ti fi ọdún pípẹ́ tún un ṣe bó ṣe wù ú. Ó ti yí ṣọ́ọ̀kù àti sìpíríìngì rẹ̀, ó fi ríìmù tó fẹ̀ sí i, sàlẹ́ńsà rẹ̀ náà kì í ṣe èyí tó bá a wá. Mo fẹ́ fi sáré autocross, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù ní kí n kọ kíláàsì ọkọ̀ mi. Mo ṣí ìwé òfin, orí mi dà rú. Kí ni kí n kọ síbẹ̀?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ ná. Mú tọ́ọ̀ṣì, bíírò àti ìwé kan, fi jáàkì gbé ọkọ̀, fi irin ìdúró tì í dáadáa, kó o wá wọ abẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìdáhùn rẹ wà.

Fún àwọn tí kò mọ eré yìí: pápá ìgbọ́kọ̀sí ńlá ni wọ́n ti máa ń ṣe é. Wọ́n á fi kóònù pín ọ̀nà kọ́rọkọ̀rọ, àwọn ọkọ̀ á máa bá aago sáré. Kóònù kan tó o bá gbá ṣubú, ìṣẹ́jú-àáyá méjì ni wọ́n á fi lé àkókò rẹ. Ìwé òfin Sports Car Club of America, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1944, ni ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé.

Ìwé náà dà bí àkàbà. Street ló wà nísàlẹ̀, fún ọkọ̀ tí wọn ò tíì fọwọ́ kàn púpọ̀. Street Touring tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Street Prepared, Street Modified, títí dé Prepared àti Modified tó jẹ́ ti àwọn tó ti ya ọkọ̀ wọn láṣọ. Òfin kan ló ń darí gbogbo rẹ̀: ohun tí ìwé kò bá sọ pé o lè ṣe, èèwọ̀ ni. Má wá ibi tí wọ́n ti ní “má ṣe é”. O ò ní rí i, wàá sì rò pé o ti bọ́.

Ibi tó ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn síta nìyí. Wọ́n á ní, “Ọkọ̀ mi ò kúkú yí padà púpọ̀.” Kò sẹ́ni tó ń ka iye nǹkan tó o yí. Nǹkan kan ṣoṣo tó ga jù lára wọn ló ń sọ kíláàsì rẹ. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, àmọ́ níbí, ìrù nìkan ni wọ́n ń wọ̀n.

Wo ríìmù rẹ. Íǹṣì 5.5 ni ìbú èyí tí Miata oní-ẹńjìnnì lítà 1.6 bíi tìrẹ bá wá. Street kò gbà kó fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà Street ti kọjá lọ́dọ̀ rẹ. Ilé tí Miata 1.6 ti ń jẹun tipẹ́ ni Street Touring Sport, tí wọ́n ń pè ní STS. Ṣọ́ọ̀kù àti sìpíríìngì rẹ ò dá ẹnikẹ́ni lóró níbẹ̀, ríìmù sì lè fẹ̀ dé 7.5. Ṣùgbọ́n 15x8, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 8, ni ọ̀pọ̀ oní-Miata fẹ́ràn! Èmi náà ra irú rẹ̀ rí, ẹni tó tà á fún mi ní 7.5 ni. Mo gbé rúlà lé etí rẹ̀, mi ò mọ̀ pé inú, níbi tí táyà jókòó sí, ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, pé etí sí etí máa ń fi bí íǹṣì kan lé. Ẹlòmíì ló fi nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ríìmù hàn mí lórí pápá. Ojú tì mí. Ẹ̀yìn ríìmù ni kó o ti kà á.

Ríìmù ò tiẹ̀ le. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin ni, o lè ra òmíràn. Ohun tí ojú ò rí ni kó o bẹ̀rù. Pe bàbá yẹn, bi í bóyá ó fi flywheel fífúyẹ́ sí i nígbà tó ń yí kílọ́ọ̀ṣì. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, STS ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ, àfi kó o sọ gíà kalẹ̀ láti yọ ọ́. Wo ara ẹńjìnnì náà: B6 ni 1.6 ń jẹ́, BP ni 1.8 tó bẹ̀rẹ̀ ní 1994. BP nínú ọkọ̀ 1992 kò lè wọ Street Touring. Kí catalytic converter náà ṣì wà níbẹ̀.

Bó bá di dandan kó o gòkè, mọ ohun tó ń dúró dè ọ́. Ní Street Prepared, táyà eré ìje ni wọ́n ń wọ̀, táyà ojú pópó tí wọ́n kọ TREADWEAR 200 sí lára á máa yọ̀. Xtreme Street, ẹ̀ka mìíràn nínú ìwé náà, gba irú táyà bẹ́ẹ̀, àmọ́ wàá bá àwọn tó ti fi turbo sí ọkọ̀ wọn pàdé níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tún ń fi òǹkà tí wọ́n ń pè ní PAX ṣe ìfiwéra: ká ní o fi ìṣẹ́jú-àáyá 50 parí, tí òǹkà kíláàsì rẹ sì jẹ́ 0.8, 40 ni wọ́n á kọ fún ọ. Bí kíláàsì bá ṣe ga tó ni òǹkà ń ga, ìyẹn ni ríìmù tó bá fẹ̀ ju 7.5 á fi jẹ ọ́ níyà lẹ́ẹ̀mejì.

Tèmi ni pé kó o wá 7.5, kó o sáré STS, bí kò bá sí flywheel fífúyẹ́ nínú ọkọ̀ náà. Àwọn ẹgbẹ́ kan ní àyè fún ẹni tuntun, bi wọ́n. Ìwé òfin ọdún yìí ni kó o lò, torí ọdọọdún ni wọ́n ń tún un ṣe.

Bátìrì Miata wà nínú bọ́ọ̀tù. Tì í kó o rí i bó ń mì, torí wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò kó o tó sáré. Kó o wá fi nọ́ńbà ẹ̀yìn ríìmù àti lẹ́tà ara ẹńjìnnì ránṣẹ́ sí mi, ká jọ kọ fọ́ọ̀mù yẹn.