Ìdí Tí Tata Fi Ń Sá fún Ewé Ẹ̀gẹ́, àti Ìgbà Tí Kì í Sá Mọ́

Ìbéèrè kan wà tí kì í wọ́n nínú ìpàdé àgbẹ̀ nígbà ọyẹ́. Ẹnì kan á dìde, á ní: "Ọ̀gá, tata ti wà lóko mi láti oṣù kọkànlá. Ó jẹ ẹ̀fọ́, ó jẹ koríko, kò fọwọ́ kan ẹ̀gẹ́. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé nígbà tó di oṣù kejì, ó jẹ ewé ẹ̀gẹ́ tán, ó tún ń bó èèpo ara igi rẹ̀?" Tata aláwọ̀ dúdú àti pupa rúsúrúsú yẹn ló ń wí, èyí tí kì í fẹ́ fò, tó máa ń kóra jọ bí èrò ọjà. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, torí ẹni tí tata bá bó igi ẹ̀gẹ́ rẹ̀ pátá, kò ní rí igi gbìn nígbà tí òjò bá dé.

Ewé ẹ̀gẹ́ ò lẹ́sẹ̀ tó fi máa sá, kò sì lọ́wọ́ tó máa fi gbá tata dànù. Májèlé ló fi ń jà. Ohun kan wà nínú ewé, nínú igi àti nínú iṣu ẹ̀gẹ́ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní línámárìn. Níbi tó wà lọ́tọ̀ un, kò ṣe nǹkan kan. Ohun kejì, tí wọ́n ń pè ní línámárésì, wà níbòmíràn nínú ewé kan náà. Ó dà bí ìgbà tí ọdẹ fi ẹ̀tù sí yàrá kan, tó fi ìṣáná sí yàrá kejì. Bí tata bá ti gé ewé jẹ, ògiri tó wà láàárín méjèèjì wó, wọ́n bára wọn pàdé, oró tí wọ́n ń pè ní sáyánáìdì sì jáde sí tata lẹ́nu lójú ẹsẹ̀. Ewé tuntun tó wà lókè ló ní in jù. Bí ewé bá ṣe ń gbó ló ń dín kù.

Ní gúúsù Nàìjíríà wa níbí ni wọ́n ti wádìí ọ̀rọ̀ tata yìí. Ní 1977, Elizabeth Bernays, R. F. Chapman, W. W. D. Modder àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ohun tí wọ́n rí jáde. Wọ́n rí i pé tata kì í fẹ́ jẹ ewé ẹ̀gẹ́ tó tutù yọ̀yọ̀, tó ń dàgbà lọ́wọ́. Á gé e tọ́ wò, á sì fi í sílẹ̀, torí oró tó ń jáde níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ewé náà bá rọ, tàbí tó gbó tó ń fẹ́ wọ́wé, oró tó ń jáde kéré, tata á sì jẹ ẹ́. Ẹ wá wò ó bó ṣe rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Koríko ti gbẹ, ẹ̀fọ́ ti tán, tata ti dàgbà, ebi ń pa á, ó sì pọ̀ bí nǹkan mìíràn. Omi ò sí nílẹ̀ tí ẹ̀gẹ́ máa fi dúró ṣinṣin. Ìgbà yẹn ni ohun ìjà ẹ̀gẹ́ ò ká ogun mọ́. Nítorí náà, bàbá tó bi wá léèrè ò ṣìnà rárá. Tata kan náà ni, ẹ̀gẹ́ kan náà ni. Àkókò ló yàtọ̀.

Ohun tí èyí fi yé wa ni pé a ò gbọ́dọ̀ dúró di oṣù kejì ká tó múra. Ẹ̀gẹ́ tí ẹ bá tètè gbìn nígbà òjò, tí ẹ sì ro ìdí rẹ̀ dáadáa, á ti ta gbòǹgbò jìnnà kí ọyẹ́ tó dé, kò sì ní tètè rọ. Ṣùgbọ́n ẹyin tata gan-an ni ká dojú kọ. Tó bá di oṣù kẹta sí ìkẹrin, àwọn abo máa ń kóra jọ síbì kan náà, lábẹ́ igbó ṣúúrú tí ilẹ̀ rẹ̀ tutù, wọ́n á yé ẹyin sínú ilẹ̀. Ẹyin yẹn á wà níbẹ̀ di oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá kó tó pa. Bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n ti pé jọ, ẹ ri igi mọ́ ọn kí ẹ má bàa gbàgbé. Ẹyin náà ò jìn nílẹ̀, ọkọ́ lásán á kàn án. Ẹ hú u síta kí oòrùn pa á, kí èèrà àti adìyẹ bá yín jẹ ẹ́. Ẹni kan ṣoṣo ò lè dá a ṣe o. Tata tí ẹ fi sílẹ̀ lóko ará ilé yín, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn wá bá yín.

Ẹ jẹ́ ká fẹnu kan igbó Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní Awólọ́wọ̀. (Ẹ má bi wá léèrè òṣèlú tó wà nídìí orúkọ méjèèjì.) Igbó yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa, láti òkè òkun ló ti wá. Michael Boppré, onímọ̀ kòkòrò ará Jámánì, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ rí i pé òdòdó igbó yìí máa ń fa tata mọ́ra. Kì í ṣe torí ebi ló ṣe ń wá a. Oró kíkorò kan wà nínú òdòdó náà tí igbó fi ń dáàbò bo ara rẹ̀. Tata á jẹ ẹ́, kò ní pa á, á sì kó oró náà pamọ́ sára, kí àwọn tó ń pa tata jẹ lè máa sá fún un. Olè tó jí ìbọn ọlọ́dẹ rèé! Nítorí náà, ẹ gé Akíntọ́lá tó wà ní ààlà oko yín kó tó tanná nígbà ọyẹ́.

Ẹlòmíràn á wá ní, "Bí oró bá dára tó báyìí fún igi, kí ló dé tí gbogbo igi ò fi ní in?" Ẹni tó wádìí èyí dáadáa ni Phyllis Coley, obìnrin onímọ̀ nípa igi láti Amẹ́ríkà. Inú igbó kìjikìji ní erékùṣù Barro Colorado ní Panama ló ti ṣiṣẹ́, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní 1983. Oríṣi igi 46 ló yẹ̀ wò, ó ń wọn iye tí kòkòrò jẹ lára ewé wọn. Ó rí i pé àwọn igi tó máa ń yára dàgbà níbi tí oòrùn ti ń ràn, kòkòrò ń jẹ ewé wọn tó gbó ní ìlọ́po 6 ju ti àwọn tó ń rọra dàgbà lábẹ́ òjìji lọ. Àwọn tó ń rọra dàgbà, ewé wọn le, ó sì ní ohun tó ń lé kòkòrò. Owó ni ohun ìjà jẹ́ fún igi. Èyí tó ná an sórí ìjà kò ní rí i ná sórí ìdàgbà. Ẹni tí ewé tuntun ò wọ́n, ó lè jẹ́ kí kòkòrò jẹ díẹ̀. Ẹni tí ọdún ń gorí ọdún kó tó yọ ewé, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ti ẹ̀gẹ́, ọwọ́ àwa èèyàn náà wà níbẹ̀. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àgbẹ̀ ti ń ṣa èyí tó dùn gbìn, tí a lè sè jẹ bí iṣu. Ohun tí a ń pè ní adùn yẹn, ẹ̀gẹ́ tí oró inú rẹ̀ ti dín kù ni. Ẹ bá gba ohun ìjà lọ́wọ́ ẹ̀gẹ́, ẹ̀yin lẹ máa ṣọ́ ọ. Lójú tiwa, ibi tó yẹ ẹ̀gẹ́ dídùn ni ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ojú ti ń tó o. Èyí tó korò ni kí ẹ gbìn sí oko jíjìn. Àwọn obìnrin àgbẹ̀ ní ilẹ̀ Màláwì sọ fún àwọn olùwádìí ní àwọn ọdún 1990 pé kíkorò yẹn gan-an ni àwọn ń fẹ́, torí ẹranko kì í fẹ́ ẹ, olè náà kì í sì í wà á, nítorí kò ṣeé jẹ lójú ẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n oró tó ń lé tata ò mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni oko. Ibi tí a fẹ́ kí ẹ̀yin ìyá wa gbọ́ dáadáa nìyí. Lọ́dún tí ọ̀dá bá dá, oró inú iṣu ẹ̀gẹ́ máa ń pọ̀ sí i, títí kan èyí tí ẹ ti mọ̀ sí ẹ̀gẹ́ dídùn. Ọdún ọ̀dá yẹn náà sì ni ebi máa ń jẹ́ ká kánjú. Ìyá kan sọ ọ́ láìfi bò nípàdé pé ọjọ́ kan péré lòun fi rẹ ẹ̀gẹ́ fùfú òun, torí àwọn ọmọ ń sunkún. A ò bá a wí, a sàlàyé fún un ni. Ní ìpínlẹ̀ Nampula ní orílẹ̀-èdè Mòsáḿbíìkì ní 1981, ọ̀dá dá, ẹ̀gẹ́ kíkorò nìkan ló kù, wọn ò sì ní sùúrù láti ṣe é bó ṣe yẹ. Ó lé ní 1,000 èèyàn, ọmọdé àti obìnrin ló pọ̀ jù níbẹ̀, tí àrùn konzo rọ lẹ́sẹ̀ lójijì. Ẹsẹ̀ tí konzo bá rọ kì í padà sí bó ṣe wà.

Iṣẹ́ tí ìyá yín kọ́ yín ló ń yọ oró náà. Tí ẹ bá rin ẹ̀gẹ́, ẹ ti wó ògiri inú rẹ̀ nìyẹn, bíi ti eyín tata. Oró á jáde, á bá omi lọ nígbà tí ẹ bá fún un, èyí tó kù á bá èéfín lọ lórí iná nígbà tí ẹ bá ń yan án. Fún fùfú àti láfún, ẹ rẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán, títí á fi rọ̀ dé inú, kí ẹ sì da omi rẹ̀ nù síbi tí ẹran ò ti ní mu ún. Bí ebi bá ń pa ilé, ẹ jẹ nǹkan mìíràn fún ọjọ́ méjì náà, ì báà ṣe àgbàdo gbígbẹ.

Ẹ rántí ewúrẹ́ pẹ̀lú. Èèpo ni oró pọ̀ sí jù lára ẹ̀gẹ́, ju inú rẹ̀ lọ. Ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó fún wọn, kí ẹ sì so wọ́n mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń bó ẹ̀gẹ́.