Ìgéjọ́kúrú: Ọ̀rọ̀ fún Ẹ̀rọ tí a Dín Ọjọ́ Ìlò Rẹ̀ Kù

Láti Ìdúmọ̀tà títí dé Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹni tí rédíò tàbí fóònù rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́ yóò sọ pé, 'Ó ti bàjẹ́.' Ọ̀rọ̀ náà tó fún ọjà, ṣùgbọ́n kò tó fún iṣẹ́ tiwa níhìn-ín, nítorí ohun mẹ́ta ni ó fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Èkíní ni gbígbó, tí ìlò ń fà, gẹ́gẹ́ bí bátìrì tí kì í gba iná dáadáa mọ́. Èkejì, ẹ̀rọ lè wà ní pípé kí ìgbà kọjá lórí rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1990, kásẹ́ẹ̀tì VHS ni wọ́n fi ń ta fíìmù ní Ìdúmọ̀tà. Nígbà tí VCD gba ipò rẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì di ohun tí a gbé sí igun ilé, láìjẹ́ pé ohunkóhun ṣe wọ́n.

Ẹ̀kẹta ni ó nira. Ní 1924, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe gílóòbù iná dá ẹgbẹ́ Phoebus sílẹ̀ ní Geneva, wọ́n sì fẹnu kò pé kí gílóòbù má ṣe tàn ju nǹkan bí 1,000 wákàtí lọ. Wọ́n a máa bu owó ìtanràn lé ilé-iṣẹ́ tí gílóòbù rẹ̀ bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

'Ó bàjẹ́' kò lè gbé èyí. Ẹ̀rọ ni olùwà rẹ̀, kò sì ní àbọ̀. Ẹni tí ó ṣe é kò hàn níbì kankan. 'Wọ́n bà á jẹ́' ní ẹlẹ́bi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó ti dára tẹ́lẹ̀ ni a máa ń bà jẹ́.

Ẹnìkan lè dábàá ìdájọ́-ẹ̀rọ, láti ara dá ọjọ́. Ìpajẹ kò jẹ́: dá ọjọ́ àti dá ẹjọ́ ń di dájọ́ bákan náà, ilé-ẹjọ́ ni ọkàn òǹkàwé yóò sì lọ. Ìgéjọ́kúrú ni àwa fara mọ́, láti ara gé ọjọ́ kúrú. Bí a bá pète rẹ̀, kí ó jẹ́ ìgéjọ́kúrú àmọ̀ọ́mọ̀ṣe. Àfikún yìí kì í ṣe fún ọ̀ṣọ́. Òfin ilẹ̀ Faransé ti 2015 ka mímọ̀ọ́mọ̀ dín ọjọ́ ìlò ọjà kù sí ìwà ọ̀daràn; síbẹ̀, nígbà tí wọ́n bu mílíọ̀nù 25 owó yúrò lé Apple ní 2020 nítorí àwọn fóònù tí ó mú falẹ̀, àìsọ fún oníbàárà ni ẹ̀sùn tí ó dúró.

Ní ti tòkunbọ̀, orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè-òkun tí ọjà sọ di orúkọ àlòkù, ọjọ́ rẹ̀ ti dín kù kí ó tó gúnlẹ̀ ní Apápá. Ìṣẹ́kù ọjọ́-ìlò ni kí á pe ohun tí olùrà rẹ̀ ń sanwó fún.