Ta Ló Yẹ Kí Ó San Owó Ọ̀nà Nọ́ọ̀sì? Ẹ̀kọ́ Láti Ọ̀dọ̀ Àwọn Ará Philippines

Ọ̀rọ̀ ojú-ìwé ọrọ̀ ajé lọ́tẹ̀ yìí kò jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni nínú wa. Láti Huntstown dé Mulhuddart, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìdílé kan tí kò ní àbúrò tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ nọ́ọ̀sì nílé, tó sì fẹ́ wá sí Ireland. Bí fóònù bá dún, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá owó tí n ó san fún éjẹ́ńtì."

Lọ́dún tó kọjá, ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa mú ìwé àdéhùn ọmọ àbúrò rẹ̀ wá bá mi. Ó ti kó owó èsúsú rẹ̀, ó fẹ́ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ náà yóò san owó "ìwáṣẹ́" kí ó tó kúrò ní Èkó; ilé iṣẹ́ tó gbà á yóò sì tún máa yọ owó tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú nínú owó oṣù rẹ̀ fún ọdún méjì. Mo ní kí ìyá náà dá owó padà sápò ná. Kí n tó sọ ìdí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tó ti rin ọ̀nà yìí ṣáájú wa.

Ní ọdún 2000, nígbà tí ilé ìwòsàn Ireland kò rí nọ́ọ̀sì tó tó, ìjọba la ọ̀nà ìwé àṣẹ iṣẹ́ tó yá fún wọn, Philippines sì ni wọ́n yíjú sí jù lọ. Àwọn ilé ìwòsàn fúnra wọn rán ènìyàn lọ sí Manila láti fọ̀rọ̀ wá àwọn nọ́ọ̀sì lẹ́nu wò. Kì í ṣe oríire lásán. Láti 1974 ni ìjọba Philippines ti sọ fífi òṣìṣẹ́ ránṣẹ́ sókè òkun di iṣẹ́ ìjọba lábẹ́ òfin. Wọ́n dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ fún un ní 1982, òfin 2021 sì sọ ọ́ di iṣẹ́ mínísítà kan gédégédé. Ìwé àdéhùn òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọjá lọ́wọ́ ìjọba kí ó tó wọ ọkọ̀ òfúrufú.

Ẹ̀kọ́ wọn náà ràn wọ́n lọ́wọ́. Yunifásítì ìjọba wọn ti dá ẹ̀ka nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní 1948, ẹni tí kò bá sì ní dìgírì nọ́ọ̀sì kò lè ṣe ìdánwò ìwé àṣẹ lábẹ́ òfin wọn ti 2002. Ọdún yẹn gan-an ni Ireland náà sọ ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì di dìgírì ọlọ́dún mẹ́rin. Kì í ṣe pé àwa sùn o. Kofoworola Abeni Pratt ti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní St Thomas' ní London kí ó tó padà wá di ọ̀gá nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà, Yunifásítì Ìbàdàn sì ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka nọ́ọ̀sì ní 1965. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tó wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa gbà kọjá.

Ẹ má rò pé ohun gbogbo dùn ní Philippines. Òbí ló ń san owó ilé ẹ̀kọ́ aládàáni. Nígbà tí ariwo òkèèrè ń lọ lọ́wọ́, ilé ẹ̀kọ́ hù bí olú, kódà àwọn dókítà padà lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ìbéèrè ìdánwò sì jò síta ní 2006. Nígbà tí Amẹ́ríkà dín ìwé àṣẹ kù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló jókòó sílé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́. Ìjọba fòfin de ṣíṣí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tuntun, wọn kò sì ká a kúrò títí di 2022. Àwọn tó dé Ireland pàápàá, ọkọ tàbí aya wọn kò rí ọ̀nà tó rọrùn láti ṣiṣẹ́ títí di 2004.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí ìwé àdéhùn yẹn. Láti 2006 ni òfin ìwé àṣẹ iṣẹ́ ní Ireland ti ka á léèwọ̀ kí agbanisíṣẹ́ yọ owó ìwáṣẹ́, owó ìwé àṣẹ tàbí owó ìrìn àjò nínú owó oṣù òṣìṣẹ́. Kò sì gbọdọ̀ gba páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ pa mọ́. Òfin tuntun ti 2024 kò yí èyí padà. Nítorí náà, àdéhùn tíkẹ́ẹ̀tì yẹn kò bófin mu rárá. Bí agbanisíṣẹ́ bá fúnra rẹ̀ tọrọ ìwé àṣẹ Critical Skills, tí owó rẹ̀ jẹ́ €1,000 fún ọdún méjì, kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ rẹ̀ padà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì.

Ẹ tún bá mi ṣe ìṣirò kékeré. Bí ọmọ bá yá mílíọ̀nù 4 náírà ní èlé 5 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù, èlé nìkan jẹ́ ₦200,000 lóṣù. Lóṣù 12, ó ti di mílíọ̀nù 2.4, kò sì tíì san kọ́bọ̀ nínú ojú owó. Oṣù 12 kì í ṣe àsọdùn. Láti March 2024, ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì Nàìjíríà ní kí nọ́ọ̀sì ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì lẹ́yìn ìwé àṣẹ kí àwọn tó jẹ́rìí ìwé rẹ̀ sókè òkun. NMBI, àwọn tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ níbí, yóò tún yẹ ẹ̀kọ́ rẹ̀ wò, wọ́n sì lè ní kí ó ṣe ìdánwò ní RCSI tàbí kí ó ṣiṣẹ́ lábẹ́ àbójútó nílé ìwòsàn fún ìgbà díẹ̀. Èlé kì í dúró de NMBI.

Bí ẹ bá fẹ́ ran ọmọ lọ́wọ́, ẹ san owó ìdánwò IELTS tàbí OET, owó ìwé ẹ̀kọ́ láti ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, àti owó ìforúkọsílẹ̀ NMBI. Tirẹ̀ nìwọ̀nyí, kò sí éjẹ́ńtì tó lè kó wọn lọ. Ẹ má sì gbàgbé pé láti 2019, ọkọ tàbí aya ẹni tó ní Critical Skills lè ṣiṣẹ́ láìgba ìwé àṣẹ mìíràn. Owó oṣù méjì nínú ilé kan yàtọ̀ sí ẹyọ kan, àwọn ará Philippines tó kọ́kọ́ dé yóò jẹ́rìí sí i.

Ọmọ tí mo ń sọ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà pé kí wọ́n yọ àdéhùn tíkẹ́ẹ̀tì kúrò. Wọn kò dá a lóhùn. Ó dùn ún, ó sì bínú sí mi díẹ̀, mo gbọ́. Ó ṣì wà ní Èkó, ó ku oṣù mélòó kan kí ọdún méjì rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ó ti yege ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, kò sì jẹ ẹnikẹ́ni lówó. Nínú owó èsúsú ìyá rẹ̀ àgbà, ó ṣẹ́kù ju ìdajì lọ.

Ẹni tó bá ní ìwé àdéhùn lọ́wọ́, kí ó mú un wá bá mi lẹ́yìn ìpàdé kí ó tó fi owó ránṣẹ́. Gbogbo ojú-ìwé rẹ̀ ni kí ẹ mú wá o, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ owó oṣù sí nìkan.