Ṣé Ó Tó Owó Ọkọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, Texas ni mo ti ń kọ́ ọkọ̀ òfuurufú wíwà, mo ti fò fún wákàtí 900. Ṣé kí n lọ síbi ìpàdé tí àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ti ń wá awakọ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò, lọ, ṣùgbọ́n má retí iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Wákàtí 1,500 ni òfin Amẹ́ríkà ń bèèrè lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ awakọ̀ kí wọ́n tó lè wa ọkọ̀ òfuurufú akérò ńlá. Torí ìfojúrinjú lo ṣe ń lọ. Lẹ́yìn ìlà gígùn, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni àwọn agbanisíṣẹ́ á fún ẹ; nítorí náà, tún ìwé tí o ń kọ wákàtí rẹ sí ṣírò nílé. Bí àròpọ̀ rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti fọ́ọ̀mù ìwáṣẹ́ rẹ, wọ́n á rí i. Nínú àwọn ìpàdé bẹ́ẹ̀, ti OBAP, ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú nínú iṣẹ́ òfuurufú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976, ni mo máa kọ́kọ́ yàn. Bó bá jẹ́ owó ilé lo fẹ́ fi ra tíkẹ́ẹ̀tì, jókòó jẹ́ẹ́, san owó ilé.