Oorun kọ́ ni ìwòsàn: oògùn fún ara tó ń yún, tó ń wú

Ní Ṣábẹ, ní orílẹ̀-èdè Benin, bí ara bá ń yún èèyàn, tó ń lé bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ, oògùn "tó lágbára" ni ọ̀pọ̀ wa máa ń wá, èyí tó máa gbé ni sùn fọnfọn. Oorun yẹn ló ń tàn wá jẹ.

Ẹ MÁA ṢE ÈYÍ

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe yín. Ẹ fi bírò yí etí ibi tó wú po, ẹ tún wò ó lọ́jọ́ kejì. Bó bá ti pòórá kí wákàtí 24 tó pé, tí òmíràn sì ti yọ níbòmíràn, ara yíyún tí à ń sọ yìí nìyẹn. Tó bá ń lọ tó ń bọ̀ ju ọ̀sẹ̀ 6 lọ, ó ti di ọlọ́jọ́ pípẹ́. (Omi èèpo kajú tó bó ẹni tó ń fọ́ kajú lọ́wọ́, ọ̀tọ̀ nìyẹn: ṣe ló jó awọ ara.)

Ẹ bèèrè loratadine tàbí cetirizine ní fámásí. Hóró 10 mg kan lóòjọ́ ni ti àgbàlagbà. Ẹni tó ń wa zémíjàn (ọ̀kadà), tàbí tó ń wakọ̀ lọ sí Parakou, loratadine ni màá ní kó mú, torí cetirizine ṣì máa ń kun àwọn kan lóorun. Fexofenadine náà dáa, ṣùgbọ́n omi lásán ni kí ẹ fi gbé e mì. Omi ọsàn máa ń dín agbára rẹ̀ kù.

Èyí tí ẹ bá mú nínú wọn, ẹ máa lò ó lójoojúmọ́, títí kan ọjọ́ tí ara kò yún yín. Hísítámìn, èròjà kan nínú ara, ló ń mú ara wú, iṣẹ́ oògùn yìí sì ni láti dínà mọ́ ọn. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí ara ti lé ti jẹ́ kí olè wọlé kó tó ti ilẹ̀kùn.

Bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 bá kọjá láìsí ìyàtọ̀, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà. Ó lè fi kún oògùn náà títí dé ìlọ́po 4. Òun ni kó sọ bẹ́ẹ̀ o, pàápàá fún aláboyún àti ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá ṣáṣá.

Ẹ MÁ ṢE ÈYÍ

Ẹ má sọ Phenergan tàbí Polaramine, àwọn oògùn tó ń gbé ni sùn, di oògùn ojoojúmọ́. Oorun wọn máa ń bá ni dé ọjọ́ kejì, ó sì lè gbé arúgbó ṣubú. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 kò gbọdọ̀ fẹnu kan Phenergan, ó lè dá èémí rẹ̀ dúró.

Ẹ má ra oògùn lórí àtẹ. Lóṣù Kejì ọdún 2017, ìjọba gbógun ti àwọn tó ń ta irú rẹ̀ ní Adjégounlè, nínú ọjà Dantokpa ní Kútọ̀nù. Oògùn tí oòrùn ti pa látàárọ̀, tí kò ní páálí, ta ló mọ ohun tó wà nínú rẹ̀?

Ẹ má máa lo dexamethasone láìsí àṣẹ dókítà. Ara á balẹ̀ kíákíá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ lè tẹ̀lé e.

Ẹ má fojú fo oògùn mìíràn tí ẹ ń lò. Ibuprofen àti aspirin lè dá kún ara yíyún náà. Captopril àti enalapril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, lè mú ètè àti ahọ́n wú, loratadine kò sì ní ràn án.

Bí ahọ́n bá wú, tí ohùn yí padà tàbí èémí ń há, ẹ má wá hóró oògùn kankan mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ẹni náà lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.