Omi Tó Mọ́ Lójú: Báwo Ni A Ṣe Ń Dá Kòkòrò Àrùn Inú Rẹ̀ Mọ̀?

Ní abúlé kan, mo rí ìwé kan tí a lẹ̀ mọ́ ara kànga. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́ pé omi náà kò dára fún mímu. Ìyá kan tó ń fa omi ní kí n bá òun kà á. Nígbà tí mo kà á tán, ó wo inú garawa rẹ̀, ó ní, “Èyí tó mọ́ báyìí, ọmọ mi?”

Ìbéèrè ìyá náà ni mo fẹ́ dáhùn níhìn-ín. Ojú, imú àti ahọ́n ni a fi ń dán omi wò láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kòkòrò tó ń fa onígbáméjì tàbí ìgbẹ́ ọ̀rìn kì í pa àwọ̀ omi dà.

Wíwá kòkòrò àrùn lọ́kọ̀ọ̀kan ṣòro, nítorí oríṣi wọn pọ̀. Nítorí náà, ipasẹ̀ ìgbẹ́ ni àwọn onímọ̀ ń tọ̀. Inú ìfun ènìyàn àti ẹranko ni ilé bakitéríà tí à ń pè ní Escherichia coli. Dókítà Theodor Escherich, ará Jámánì, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1885. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà rẹ̀ kì í ṣe ènìyàn ní ibi. Àwọn kan ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Ṣùgbọ́n bí a bá rí i nínú omi, ẹ̀rí ni pé ìgbẹ́ ti kan omi náà. Ọ̀nà tí ó gbà wọlé, àrùn lè gba ibẹ̀.

Báyìí ni a ṣe ń wá a:

(1) Ìgò tí a ti fi ooru pa kòkòrò inú rẹ̀ ni a ó fi bu omi. Bí ó bá jẹ́ odò, a ó dojú ẹnu ìgò kọ ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀. A ó gbé e sínú yìnyín dé yàrá ìwádìí, ó dára kí ó má ju wákàtí 6 lọ.

(2) A ó pín in sínú àwọn ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tí oúnjẹ olómi MacConkey wà, ní ìwọ̀n ooru 37°C, fún wákàtí 24 sí 48. Bí àwọ̀ àlùkò rẹ̀ bá di àwọ̀ ìyeyè, tí afẹ́fẹ́ sì kó sínú ìgò kékeré tó dorí kodò nínú rẹ̀, a fura.

(3) A ó tún un ṣe ní 44°C. Ọ̀pọ̀ bakitéríà tó jọ ọ́ kò lè ṣiṣẹ́ nínú ooru yìí. Bí a bá kán oògùn Kovacs sí èyí tó hù nínú omi tryptone, tí òrùka pupa yọ lókè, òun gan-an nìyẹn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò gbọdọ̀ sí ẹyọ kan nínú mílílítà 100 omi mímu. Síbẹ̀, bí a kò bá rí i lónìí, òjò kan ṣoṣo lè gbá ẹ̀gbin wọ kànga lọ́la.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè ni iṣẹ́ tó kù wà lọ́wọ́ wa. Ohun tó yẹ kí ìwé ara kànga yẹn sọ kò ju èyí lọ: “Ìgbẹ́ ti kan omi yìí. Ẹ sè é kí ó hó dáadáa kí ẹ tó mu ún.”