Bí Ikọ́ Bá Wọ Ilé Ìtọ́jú Àwọn Akàndá Ẹ̀dá

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn akàndá ẹ̀dá ní England, àti ẹ̀yin tí ọmọ tàbí àbúrò yín ń gbé níbẹ̀, ẹ̀yin la kọ èyí sí.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé níbẹ̀ kò lè sọ pé, "Àyà ń ro mí." Ìṣe wọn ni ẹ ó fi mọ̀. Ẹni tó máa ń fi ìka lu tábìlì títí tíì yóò fi dé, tó wá jókòó jẹ́ẹ́ lówùúrọ̀ ọjọ́ kan; ẹni tí kì í kọ oúnjẹ, tó ń yí orí kúrò níwájú ṣíbí: àìsàn lè ti dé kí ikọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ibà lè má sí rárá. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì sọ fún ọ̀gá ilé kí ṣíìfù yín tó parí. Bí ẹnì kejì bá tún bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹ má pè é ní òtútù lásán mọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àjàkálẹ̀ Kòrónà ní 2020, ìwádìí ìjọba ní England fi hàn pé láàárín àwọn ẹni ọdún 18 sí 34 tó ní ìpèníjà òye (learning disability), ikú pọ̀ ní ìlọ́po 30 ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ. Ikọ́ ọ̀pọ̀ wọn kò lágbára tó láti gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde, oúnjẹ sì lè ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró wọn. Ẹ gbé wọn jókòó dáadáa kí ẹ tó fún wọn lóúnjẹ, kí wọ́n sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá jẹ́ influenza ni, láàárín wákàtí 48 àkọ́kọ́ ni oògùn oseltamivir ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹ má torí pé òpin ọ̀sẹ̀ ni dúró de ọjọ́ Ajé. Ẹ pe 111.

Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ fọ ọwọ́, ṣùgbọ́n ẹ má ti ẹnikẹ́ni mọ́ yàrá. Ìyà nìyẹn, kì í ṣe ìtọ́jú. Ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ kan náà máa wà pẹ̀lú ẹni tó ń ṣàìsàn. Bí ìbòmú bá ń bà á lẹ́rù, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó rí ojú yín láti ẹnu ọ̀nà kí ẹ tó wọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ owó ló le jù. Ẹni tí éjẹ́ńsì ń rán láti ilé kan dé òmíràn mọ̀ pé ọjọ́ tí òun kò bá lọ, owó lè má wọlé. Síbẹ̀, ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́ ni àrùn máa ń bá wọlé. Ìwádìí Vivaldi ní 2020 fi hàn pé ní àwọn ilé ìtọ́jú àgbàlagbà tó ń san owó fún òṣìṣẹ́ tó ń ṣàìsàn, Kòrónà kò pọ̀ tó ti ibòmíràn. Ẹ béèrè ẹ̀tọ́ yín nígbà tí ara yín ṣì le. Ẹ̀yin mọ̀lẹ́bí, bí ọ̀fìnkìn bá mú yín, fídíò ni kí ẹ fi kí ẹni yín tó wà níbẹ̀.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára influenza jẹ́ ọ̀fẹ́ lọ́dọọdún fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àwọn tó ní learning disability lọ́dọ̀ GP. Ẹ béèrè bóyá orúkọ ẹni tí ẹ ń tọ́jú wà níbẹ̀.

Bí èémí ẹnì kan bá ń yára tí àyà rẹ̀ ń wọnú, tí kò ṣeé jí, tàbí tí ètè rẹ̀ ń ṣú, ẹ pe 999. Lára adúláwọ̀, ẹ wo ahọ́n àti àtẹ́lẹwọ́. Ẹ mú hospital passport rẹ̀ dání, ìwé tó ń sọ bó ṣe ń jẹun, bó ṣe ń sọ̀rọ̀ àti ohun tó ń bà á lẹ́rù, kí ẹni tó mọ ìṣe rẹ̀ sì bá a lọ.